Ìràwọ̀ Mẹ́ta Lórí Aṣọ Pupa

Ó fúyẹ́. Ó fúyẹ́ bí ẹyin àdàbà. Àpò aṣọ funfun kékeré ni, kò kún àtẹ́lẹwọ́ mi. Òwú dúdú ni wọ́n fi rán ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n sì rán aṣọ pupa pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn lójú. Lórí aṣọ pupa náà, ìràwọ̀ mẹ́ta tò tẹ̀léra wọn, aláwọ̀ ìyeyè, ojú wọn ti ń ṣá. Mo gbé e lé ọwọ́, mo jókòó sórí ẹní rẹ nínú yàrá wa, mo sì ń wò ó.

Ìwọ ni gbogbo agboolé sọ pé o wà nínú rẹ̀, Àkàngbé.

Níta, n kì í pe orúkọ rẹ. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wà ní títì, kò sí ẹni tó ń gbọ́, jẹ́ kí n pè ọ́ bó ṣe wù mí. Àkàngbé. Àkàngbé ọmọ ọdẹ. Àkàngbé eléyín funfun, ọkọ Àwẹ̀ní. Àárò rẹ ń sọ mí.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí, nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, àwọn ọkùnrin ilé ti ń gbẹ́ ilẹ̀ dè ọ́. Mò ń gbọ́ ọkọ́ tó ń ha ẹ̀gbẹ́ kòtò, hà, hà, hà. Ọkọ̀ ló gbé ọkọ mi lọ, ọkọ́ ló ń dúró dè é. Ọyẹ́ ń gba abẹ́ òrùlé wọlé, ó ń gbé òórùn ilẹ̀ titun wá bá mi. Kòtò náà kò tóbi. Ihò tí ọmọdé ń gbẹ́ fi ṣeré tóbi jù ú lọ, ìwọ tí o máa ń tẹrí ba kí o tó gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé.

Ìyá wa, ìyá tó bí ọ, jókòó sétí kòtò, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Wọn ò sunkún. Láti ọjọ́ tí Súmọ́nù ti gbé ìròyìn ikú rẹ dé, ìyá wa ò jẹ oúnjẹ kan tó tó nǹkan. Wọ́n ní báwo ni àwọn ṣe máa jẹun nígbà tí ọmọ àwọn ṣì wà ní gbangba. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá ti gba ọmọ àwọn tán, àwọn á mu ẹ̀kọ. Igbá ẹ̀kọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ti ń tutù.

Àwọn àgbà ní kí èmi ìyàwó kọ́kọ́ jókòó tì ọ́, kí n dágbére fún ọ, kí n tó gbé ọ jáde. Mo jókòó tì ọ́. Mo sì ṣe ohun tí ẹnì kan kì í ṣe. Mo fẹ́ fọwọ́ kan irun rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré, ni mo bá fi ẹnu abẹ́rẹ́ tú òwú ẹnu àpò náà.

Irun inú rẹ̀ gùn. Ó nà tọ́ọ́rọ́, ó ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí irun ìrù ẹṣin. Mo fà á, ó nà. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ṣì nà. Kò ká, kò wé.

Kì í ṣe irun rẹ.

Ta ni ìbá mọ irun rẹ bí kò ṣe èmi? Irun rẹ le koko, ó wé mọ́ra, abẹ a máa bá a jà kó tó gbà. Èmi ni mo fá a fún ọ láàárọ̀ ọjọ́ tí o lọ sógun, lórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. O ní kí n fá a kó mọ́ tónítóní, pé kò yẹ kí iná orí Inísà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ọ létí. Ìyá wa ò rẹ́rìn-ín. Ìyá wa bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa irun náà nílẹ̀ fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n dì í sínú ewé, wọ́n sì gbé e lọ sódò Ọ̀tìn, wọ́n dà á sómi. Irun orí èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ fún ẹyẹ àti fún ọ̀tá. Ìyá tó bímọ mọ ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n nítorí bẹ́ẹ̀, kò sí fọ́nrán kan tó kù nínú ilé yìí.

Irun ta wá ni mo gbé dání yìí?

Súmọ́nù wà níta, ó jókòó lábẹ́ ògiri, ó ká orúnkún, ṣòkòtò kakí ogun ṣì wà nídìí rẹ̀. Ará Ìwó ni. Òun ni ẹ jọ fi orí ru ẹrù ogun nínú igbó Bọ́mà lókè òkun, nígbà tí mọ́tò ò rí ọ̀nà gbà. Kó tó dé ìlú tirẹ̀, ó kọ́kọ́ gbé ìwọ wá fún wa. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rere wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó rò fún wa nìyí. Odò ńlá kan ni ẹ ń sọdá. Àpótí ọta ìbọn lẹ kọ́kọ́ ń rù kọjá, o fi àpò tìrẹ sílẹ̀ létí omi pé ìwọ á padà wá gbé e. O wà láàárín odò, ẹrù wà lórí rẹ, ni àgbá ìbọn àwọn ọ̀tá bú sínú omi. Nígbà tí odò tún pa rọ́rọ́, àpótí léfòó. Ìwọ ò léfòó. Súmọ́nù fojú ara rẹ̀ rí i bí omi ṣe bò ọ́, ó wá ọ lọ wá ọ bọ̀, kò rí ọ. Àpò rẹ ló rí létí omi.

Nínú àpò náà ni ó ti bá èyí. Igun rẹ̀ kan ti já díẹ̀, èékánná ti yọ orí jáde níbẹ̀. Kí ni Súmọ́nù tún ń wá? Ọmọ Yorùbá ni. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá kú sí ọ̀nà jíjìn, irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni à ń gbé wálé sin, kó lè sùn láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ó rò pé ikú ti ta ọ́ lólobó ni o fi gé tìrẹ sílẹ̀. Kò tú u wò, ta ní máa ń tú irú ẹ̀? Èékánná ò sì ní ẹ̀yà. Tòyìnbó, tará Inísà, ti ọ̀tá, ọ̀kan náà ni.

Àwọn Bàbá Kàmẹ̀rúù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n bá òyìnbó ru ẹrù lọ sí Kàmẹ̀rúù nígbà ogun Jámánì, tí etí wa ò sì tíì sinmi ìròyìn rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bí ojú bàbá ṣe kan ìràwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n pariwo. Kápútẹ̀nì! Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n lójú mọ̀ ọ́n lẹ́yìn, èjìká òyìnbó ni àwọn ti máa ń rí i: ẹyọ kan, ọ̀gá kékeré, méjì, ó ń bọ̀, mẹ́ta, kápútẹ̀nì ni, ẹni tí wọ́n ń pọnmi fún láti fọ ẹsẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti di kápútẹ̀nì lọ́dọ̀ òyìnbó, àwa ò sì mọ̀ nílé!

Ẹ gbà mí o. Láti ìgbà náà, ìyàwó kápútẹ̀nì ni àwọn èèyàn fi ń kí mi. Ìwọ, kápútẹ̀nì! Ìwọ tí Súmọ́nù ní o so okùn bàtà ìjọba méjèèjì pọ̀, o fi kọ́ ọrùn, torí pé ẹsẹ̀ rẹ kọ̀ ọ́. Ká ní o wà níbí, ò bá ti di ìhà mú, ò bá máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ. Èmi ni omi ń bọ́ lójú mi báyìí, kì í sì í ṣe ẹ̀rín.

Súmọ́nù ò já àgbàlagbà nírọ́ lójú èèyàn. Ó tẹ orí ba ni. Ìgbà tí mo gbé omi fún un ní ẹ̀yìn ilé ló tó rọra sọ fún mi pé ìràwọ̀ náà kì í ṣe ti òyìnbó, àwọn Jàpáànù ló ni ín. Ó ní kí ẹ tó wọgbó, ọ̀gá yín gbé àwòrán aṣọ wọn kọ́, ó ń kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa ka ọrùn ẹ̀wù wọn. Lọ́dọ̀ tiyín, ọ̀gá ńlá nìkan ló ń gbé ìràwọ̀ lé èjìká. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó wọṣẹ́ ogun lánàá náà ní ìràwọ̀ tirẹ̀ lọ́rùn. Ẹyọ kan, àlejò ni. Méjì, ó ti pẹ́ díẹ̀. Mẹ́ta lórí aṣọ pupa lásán, ó ti mọ ìyà jẹ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń rán ṣì ni. Ìgbà tí ìlà bíi wúrà bá la pupa náà kọjá ni ọ̀gá bẹ̀rẹ̀. Mo wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀.

Súmọ́nù rò pé nílẹ̀ ni o ti ṣa aṣọ pupa náà, tí o rán an mọ́ àpò rẹ fún ẹwà. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún bàbá. Mo ní mo gbọ́.

Irú ìlú wo nìyẹn, Àkàngbé, tí ẹni tó kéré jù pàápàá ń gbé ìràwọ̀ kọ́rùn? Ìlú tó ka ọmọ rẹ̀ sí tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ kó wá kú sínú igbó onígbó? Kí ló kàn mí ná. Tèmi náà kú síbẹ̀.

Súmọ́nù tún sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó sọ ọ́ bí ẹní sọ ìtàn lásán, bó ṣe ń gbé ago omi padà fún mi. Ó ní lọ́jọ́ kan ẹ bá Jàpáànù kan nínú ewé, ìbọn ti bà á. Ọ̀gá yín fẹ́ kó dé ibùdó láàyè, kí wọ́n lè gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìwọ ni wọ́n gbé e pọ̀n. O pọ̀n ọ́n bí abiyamọ ṣe ń pọnmọ, o ń gun òkè lọ, Súmọ́nù ń tẹ̀lé ọ pẹ̀lú àpótí. Ọkùnrin náà gbé àgbọ̀n lé ọ léjìká, ó ń pe nǹkan kan, nǹkan kan náà, ó ń pè é, ó ń pè é. Kò dé orí òkè. O sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá igi, o ní kí Súmọ́nù máa lọ. Ìgbà tí o bá a lójú ọ̀nà, iyẹ̀pẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ títí dé ìgúnpá.

Nínú yàrá yìí ni ó ti yé mi. Mò ń rí i. Mò ń rí ọkùnrin náà bó ṣe ń ti ọwọ́ bọ àyà, tó ń fa àpò funfun yìí yọ, tó ń tọ́ka sí i, tó ń tọ́ka sí apá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ìwọ ò gbọ́ èdè rẹ̀. Òun ò gbọ́ tìrẹ. Èékánná yọ orí jáde nígun àpò, o sì gbọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé àwọn èèyàn kan tún wà lábẹ́ ọ̀run tó ń ṣe bí a ṣe ń ṣe. Wọ́n ní ọ̀tá ni wọ́n. Wọn ò sọ fún wa pé wọ́n ń gbé irun òkú wọn relé.

O sì gbà á. Mo mọ̀ ọ́. Ta ló bẹ̀ ọ́ kí o bá òun rẹrù rí tí o kọ̀? Àìsàn rẹ nìyẹn. Ẹyìn tìyá aláta, igi tìyá àgbà, gbogbo ayé ni ò ń bá rù. O rò pé nígbà tí ogun bá parí, wàá rí ẹni tí wàá fi rán sí ìyá ẹni ẹlẹ́ni.

Ó dára. Èmi ńkọ́?

Inú ń bí mi sí ọ, Àkàngbé. Inú ń bí mi, jẹ́ kí n sọ ọ́. O gbé irun ọmọ ẹlòmíì la igbó kọjá, o ò rántí gé fọ́nrán kan nínú tìrẹ fún mi. Èékánná kan! Ti ọmọńdinrín, èyí tí ò wúlò fún nǹkan kan! O ò ṣe é dáadáa. Mo ti fẹ́ ọ, mo ti dúró dè ọ́, mo ti ń fi etí sí ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó ń kọjá, kí sì ni mo wá rí gbà? Irun tó ń yọ̀.

Bí mo bá jáde tí mo ní kì í ṣe ìwọ nìyí, àwọn ọkùnrin á dí kòtò. Ìyá wa á dìde lébi. Òmùgọ̀ kan ò sì ní ṣàì sọ pé bí kì í bá ṣe irun rẹ̀, bóyá ó ṣì wà láàyè, ìyá wa á sì gbé àpótí ìjókòó sójú ọ̀nà títí ayé. Bẹ́ẹ̀ Súmọ́nù rí omi tó bò ọ́. Bí n kò bá sọ ọ́, a ó fi orúkọ rẹ sin ọmọ ọlọ́mọ, a ó fi oríkì rẹ kì í, ìyá tirẹ̀ náà á sì máa wo ojú ọ̀nà lọ́hùn-ún. Abiyamọ méjì ń wọ̀nà, àpò kan péré ló wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá Kàmẹ̀rúù ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ìyàwó, ó tó o.

Mo da irun náà padà. Mo rán ẹnu àpò. Mo kánjú, ìránṣọ náà ò dáa. Mo ṣílẹ̀kùn.

Ojú gbogbo wọn bọ́ sára mi. Ìyá wa na ọwọ́ méjèèjì, àtẹ́lẹwọ́ sókè, bí wọ́n ṣe máa ń na ọwọ́ gba ọmọ tuntun. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ìyá wa ní, ó fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn láti àárọ̀ nìyẹn.

Bàbá Kàmẹ̀rúù ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń sọ fún àwọn èèyàn bí ìràwọ̀ ṣe ń lọ, ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta. Ìyá wa ò gbọ́. Àtàǹpàkò wọn ń rìn lójú ìránṣọ tí mo rán jọ̀wọ̀lọ̀ yẹn, ó ń rìn, ó dúró. Wọ́n fa fọ́nrán kan yọ. Ó gùn, ó nà, ó dùbúlẹ̀ tọ́ọ́rọ́ lórí ìka wọn dúdú.

Ìyá wa wo irun náà. Wọ́n wò ó bí ẹni ń wo ọmọdé tó ṣìlé wọ̀. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wò mí, ojú mi sì sọ fún wọn pé mo ti mọ̀. Ọwọ́ wọn tó ṣa irun rẹ nílẹ̀ fọ́nrán-fọ́nrán, ṣé irun ni mo fẹ́ fi tan ọwọ́ yẹn jẹ?

Wọ́n ká fọ́nrán náà mọ́ ìka, wọ́n tì í padà. Wọ́n fà mí mọ́ra, ẹnu wọn kàn mí létí. Wọ́n ní ìyá ẹni tó ni irun yìí ń wọ̀nà. Wọ́n ní Ọ̀tìn ni àwọn fi irun ọmọ tàwọn lé lọ́wọ́, odò ibòmíì wá gba ìyókù; omi ti sin tàwọn tán. Wọ́n ní kí n jẹ́ ká sin èyí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí oúnjẹ jẹ níbi tó wà.

Bàbá Kàmẹ̀rúù fẹ́ tú aṣọ pupa náà kúrò, kí wọ́n fi há ògiri. Ìyá wa kọ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tí ń bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìrìn àjò. Bàbá gbà, wọ́n ní òótọ́ ni, kí kápútẹ̀nì lọ pẹ̀lú oyè rẹ̀. Ẹ̀yìn ni Súmọ́nù kọ sí wa, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ìyá wa gbé e sínú ilẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n ké oríkì rẹ sókè kí ìlú lè gbọ́: Àkàngbé, Àkàngbé ọmọ ọdẹ. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ bí kò ṣe èmi: ìwọ tí n kò mọ orúkọ rẹ, ọmọ ọlọ́mọ, wọlé, sùn. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ń bọ́ sórí aṣọ pupa. Ìràwọ̀ kan lọ. Ìràwọ̀ kejì. Ìkẹta pẹ́ díẹ̀, ó ń wò wá láti inú ilẹ̀, òun náà lọ. Gbogbo agboolé bú sẹ́kún, mo sì sunkún ti ẹni méjì.

Nígbà tí ilẹ̀ tẹ́jú, mo gbé igbá ẹ̀kọ fún ìyá wa. Wọ́n gbé e kan ẹnu nítorí pé wọ́n ti ṣèlérí. Wọ́n gbé ẹnu kan mì. Ẹnu kejì ò lọ. Wọ́n gbé igbá sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ọwọ́ òfìfo sójú afẹ́fẹ́, bí ẹni tó ṣì ń wọn ohun kan wò, ìgbà yẹn ni ẹkún wọn tó jáde.

Mo wo àtẹ́lẹwọ́ tèmi náà. Kò sí irun níbẹ̀, Àkàngbé. Kò sí èékánná. Ó fúyẹ́.